Ọjọ́ Tí Fìlà Wa Bọ́ Sórí Táíwò

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, n ò sì ní bá yín jà sí i. Bí ẹnì kan bá sọ fún èmi náà pé iṣẹ́ tí òun fi ọjọ́ ayé òun ṣe ni kí òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kí òun máa wo ọmọ ọlọ́mọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kí òun sì máa yan èyí tí wọn yóò fi fìlà dé lórí, màá ní kí ó lọ sùn kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ìyá mi gan-an kò gbà á gbọ́ títí ó fi kú. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá bi í pé, "Sànmí ńkọ́, kí ló ń ṣe báyìí?" á ní, "Ó wà ní ọ́fíìsì kan lẹ́bàá France Road." Ọ́fíìsì ọ̀hún, bẹ́ǹṣì ni. Abẹ́ igi dọ́ńgóyárò ni bẹ́ǹṣì náà sì wà.

Sikáòtù ni mí. Kì í ṣe ti àwọn ọmọ tó ń wọ ṣòkòtò péńpé, tí wọ́n ń so aṣọ mọ́ ọrùn o. Sikáòtù bọ́ọ̀lù ni, ẹni tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri fún ẹgbẹ́. Zakara lorúkọ ẹgbẹ́ wa, ìyẹn àkùkọ lédè Hausa. Ẹgbẹ́ àdúgbò ni, ní Sabon Gari, Kano níbí, níbi tí bàbá mi bá rélùwéè dé, tí rélùwéè sì padà tí kò mú un lọ. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. N ò tíì darúgbó; iṣẹ́ náà ló ṣáájú mi darúgbó. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà pé, "Ọ̀gá Sànmí, iṣẹ́ wo ni kí n kọ́?", ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó lọ fi ara yín ṣe ìwọ̀fà fún ẹlòmíì.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ẹsẹ̀ mi kò dára tó ti agbábọ́ọ̀lù, ẹnu mi sì mú ju ti òǹwòran lọ. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bú gbogbo àwọn tó wà lórí pápá, Baba Lámídì, ọ̀gá Zakara, yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ aláriwo yìí, wá jókòó síbí, kí ariwo ẹ lè níṣẹ́ ṣe." Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kí n ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ, kí ẹ má baà sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Nínú líìgì wa, ẹgbẹ́ àdúgbò Sabon Gari, ti Fagge àti ti Noman's Land la jọ ń pín pápá kan ṣoṣo lò. Bí dámínà bá ti dé, ìyẹn ìgbà òjò, pápá a di ẹrẹ̀, eré a dúró. Àwọn èèyàn á rò pé à ń sinmi. Ìsinmi kẹ̀! Ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ tiwa ń bẹ̀rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan ti kó lọ sí Kàdúná. Wíńgà kan ti gbéyàwó, ìyàwó sì ti ní kí ó mú ọ̀kan nínú òun àti bọ́ọ̀lù. Ihò ti yọ lára ẹgbẹ́, àwa ni a ó dí i.

Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, a ó ṣe Ọjọ́ Fìlà. Gbogbo ọmọ tuntun tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ á gbá bọ́ọ̀lù lójú wa láàárọ̀, lẹ́yìn náà wọn á tò sórí ìlà. Ẹgbẹ́ tó ṣe ìkẹyìn ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú, kí ẹni tó ṣubú lè rí nǹkan dì mú dìde. Ẹni tó wà lókè rẹ̀ á tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan ẹni tó gba ife. A kì í pe orúkọ o. Ọ̀gá ẹgbẹ́ á dìde, á rìn lọ bá ọmọ tó wù ú, á fi fìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ dé e lórí. Ẹni tí fìlà bá ti bà lé lórí, ọmọ ẹgbẹ́ yẹn ni. Kò sí pé mo ṣèèṣì, kò sí pé mo tún inú rò.

Baba Lámídì ló ń dé fìlà fún Zakara. Ọmọ Ọ̀fà ni, mẹkáníìkì rélùwéè tẹ́lẹ̀, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbọ́ Hausa ju àwọn ọmọ Hausa kan lọ. Ọjọ́ kìíní tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù.

Mo ní, "Baba, báwo ni màá ṣe wo bọ́ọ̀lù tí mo bá kọ ẹ̀yìn sí i?"

"Ta ló ní kí o wo bọ́ọ̀lù? Bọ́ọ̀lù kì í hùwà. Ẹni tí bọ́ọ̀lù kò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ni kí o máa wò."

Bí eré bá parí, á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n jẹ wọ́n ní góòlù, ta ló kọ́kọ́ gbé orí sókè? Ta ló ń bú ẹni tó ṣìṣe, ta ló lọ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀? Ọmọ tí wọ́n yọ kúrò nínú eré, ṣé ó mu omi ẹ̀ tán kó tó fún ẹlòmíì? Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, á fi mí sílẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn láti Fagge délé nínú oòrùn, kí n lè máa ronú lọ́nà. Mo ronú púpọ̀ lọ́dún yẹn. Bàtà mi jẹ́rìí.

Èèwọ̀ rẹ̀ ni àtẹ́wọ́. Sikáòtù tó bá pàtẹ́wọ́ ti sọ àṣírí ẹgbẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Èèwọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀pà, nítorí ó ní ẹni tó ń bó ẹ̀pà, ẹ̀pà ló ń wò. Nígbà kan ó rán mi lọ sí Fagge, kí n lọ wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ọjà. Mo sáré dé bí ẹni tó rí wúrà he.

"Baba, mo rí ọmọ kan! Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á."

"Ta ló ń fún?"

"Ẹ ní?"

"Tó bá gba bọ́ọ̀lù tán, ta ló ń fún?"

Mo ronú títí. "Kò... kò fún ẹnikẹ́ni, sà."

"Ó dáa. Lọ sọ fún Dàǹládì pé a rí ọmọ kan fún un."

Dàǹládì ni alátakò wa, ọ̀gá Giwa, ẹgbẹ́ Noman's Land. Bàbá Hausa kan báyìí ni, ó sanra, ó lẹ́rìn-ín, ó sì gbọ́n bí ológbò. Òun àti Baba fẹ́ràn ara wọn débi pé wọn kì í sinmi àtimáa tan ara wọn jẹ. Ọdún kan, ihò tiwa wà lápá òsì lẹ́yìn, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ẹlẹ́sẹ̀ òsì la sì ń wá. Baba rí i tán, kò tún wo ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ bàbá wíńgà kan ló jókòó sí, ó ń bá a mu fúrá, ó ń bá a rẹ́rìn-ín. Ara Dàǹládì kò gbà á mọ́. Bó ṣe kàn án báyìí, fìlà ló fi ká wíńgà náà mọ́lẹ̀. Àwa sì rọra lọ mú ẹlẹ́sẹ̀ òsì wa. Dàǹládì dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ìbínú.

"Haba, Baba! Ẹ parọ́ fún mi."

"Èmi kẹ̀? Mo bá èèyàn mu fúrá. Ta ló ní kí o máa ronú?"

Èyí ni Baba fi kọ́ mi níṣẹ́, tí mo sì ń sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ dà bí òrùlé. Ibi tó ń jò ni kí ẹ wò, ẹ má wo ibi tí páànù ti ń dán. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń kó ọmọ dídán jọ lọ́dọọdún, tí wọ́n ní sitiráíkà rẹpẹtẹ tí kò sí ẹni tí yóò gba bọ́ọ̀lù fún wọn, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ẹlẹ́nu mẹ́wàá tí kò lọ́wọ́, kí ni yóò fi jẹun?

Irinṣẹ́ wa ń yí padà. Kẹ̀kẹ́ la kọ́kọ́ ń gùn. Lẹ́yìn náà àchàbà dé, ìyẹn ọ̀kadà, mo wá ń bá ọlọ́kadà ja ìjà ọ̀rọ̀ kí ó tó dúró kí n wo bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Wọ́n lé àchàbà kúrò nígboro, adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, gba ipò rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni fóònù dé, ó ní kí gbogbo wa jókòó sílé. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ọmọ wọn ránṣẹ́, tòun torin, tòun tiná tó ń ṣẹ́jú. Mo fi ọ̀kan han Baba. Ó wò ó títí.

"Ọmọ yìí kì í pàdánù bọ́ọ̀lù?"

"Wọ́n ti gé ibẹ̀ kúrò ni, sà."

"Ta ló gé e?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ni, mo gbọ́."

"Òun ni ká mú. Ó mọ ohun tó yẹ ká yọ."

Ibi fídíò yìí ni mo ti kọ́kọ́ fura. Baba a gbé fóònù súnmọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, á wá ní fóònù náà kò mọ́lẹ̀. Mo ra tuntun, òun náà kò mọ́lẹ̀. Lórí pápá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Kí ló ṣe yẹn?" kí eré tó parí. Mo sún bẹ́ǹṣì mi súnmọ́ tirẹ̀, mo sì ń sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òun náà ń mi orí bí ẹni tí kò gbọ́. Báyìí la ṣe é fún sáà bíi mélòó kan. Ojú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò là á lójú pé ojú ti ń lọ?

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Zakara ló ṣe ìkẹyìn. Aṣọ́lé wa, tí àwa ń pè ní gólì, ti lọ ṣe sójà. Ẹni tí a fi dípò rẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, ńṣe ló ń yà fún un bí ìgbà tí èèyàn ń yà fún mọ́tò gómìnà. Òfin líìgì wa sì ni pé ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹyìn ní sáà méjì tó tẹ̀ léra yóò fi àyè rẹ̀ lórí pápá sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹgbẹ́ tí kò ní pápá ti di àlá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀kan ṣoṣo: kí a rí gólì, tàbí kí Zakara kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Mo sì rí i. Ní Noman's Land, láàárín òkúta méjì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé. Kẹ́hìndé lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ balẹ̀, ó sì ń pariwo sí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tó bí wọn. Ìkejì rẹ̀, Táíwò, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Táíwò kì í gbá bọ́ọ̀lù; bí bọ́ọ̀lù bá súnmọ́ ọn, á dijú. Àwọn méjèèjì jọra bí ojú ọ̀tún àti ojú òsì, ìyá wọn kò sì ràn wá lọ́wọ́, torí inú aṣọ kan náà ló ti máa ń gé tàwọn méjèèjì. Mo mú Baba lọ síbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ sí i létí.

"Ṣé ó ń pe àwọn tó wà níwájú ẹ̀ lórúkọ, àbí ó kàn ń pariwo?"

"Ó ń pè wọ́n lórúkọ, sà."

"Ó tó. Jẹ́ ká lọ kí Dàǹládì má baà gbọ́ òórùn wa."

Àwa la ṣe ìkẹyìn, àwa la ó kọ́kọ́ mú. Ohun tó kù kò ju kí Baba dìde, kó rìn lọ, kó dé fìlà. Iṣẹ́ tí ìyá àgbà lè ṣe.

Ọjọ́ Fìlà pé. Kẹ́hìndé mú bọ́ọ̀lù láàárọ̀ náà bí ẹni tó ń ká máńgòrò. Nígbà tí wọ́n tò, ó dúró ní ìparí ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Táíwò tó bá a gbé ike omi wá dúró tì í, nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Mo sọ fún Baba lẹ́nu kẹ́lẹ́ pé, "Aláwọ̀ ewé, ní ìparí ìlà, lẹ́bàá igi. Ẹ jẹ́ n bá yín dé ibẹ̀." Ó wò mí bí ẹni tó bú bàbá rẹ̀, ó sì dìde fúnra rẹ̀.

Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọmọkùnrin kan fi bàtà tí Kẹ́hìndé bọ́ sílẹ̀ ṣeré, tó gbá a lọ sẹ́yìn igi. Kẹ́hìndé yà lọ mú un. Aláwọ̀ ewé kan ló kù ní ìparí ìlà. Kí n tó lanu, Baba ti dé ibẹ̀, ó fa ara rẹ̀ ró, ó sì fi fìlà pupa Zakara dé Táíwò lórí.

Táíwò pariwo, "Baba, ba ni ba ne!" Ó ní kì í ṣe òun. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kano, bí ẹ̀rù bá bà á, Hausa ló ń jáde.

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Baba dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí fìlà náà. Mo rí i tí ó yé e. Dàǹládì, tí Giwa rẹ̀ ló kàn, tó ti ń ráhùn láti àárọ̀ pé orúnkún ń dun òun, fò dìde bí ẹni tí oyin ta. Kẹ́hìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn igi, bàtà lọ́wọ́, ni fìlà dúdú Giwa bà lé e lórí gbàgà!

Mo jókòó sílẹ̀. Zakara ti kú nìyẹn.

Àfi ìgbà tí ohùn obìnrin kan dún láti ẹ̀yìn. Ìyá Ìbejì ni, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe? Ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún? Kí wọ́n wá máa gbá bọ́ọ̀lù lu ara wọn? Lọ́jọ́ wo! Ibi tí ọ̀kan bá lọ ni ìkejì ń lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bọ́ fìlà yín, mò ń kó àwọn ọmọ mi lọ sílé."

"Madam, na rule," ni Dàǹládì wí.

"Rule bí ìbejì?"

Gbogbo ojú yíjú sí Màlámù Gàrúbà, alága líìgì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "To. Ìyá wọn ti sọ̀rọ̀. Wọn kò ní pínyà. Ọmọ tó jẹ́ àbúrò ni yóò tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láàárín ìbejì Hausa, Hassan tó kọ́kọ́ jáde lẹ̀gbọ́n, Hussaini ló tẹ̀ lé e. Táíwò lẹ̀gbọ́n nìyẹn. Àwọn méjèèjì di ti Zakara."

Mo fò sókè. Ṣùgbọ́n Dàǹládì ti wà lórí ìdúró.

"A'a, Malam! Yaran Yarbawa ne fa!" Ó ní ọmọ Yorùbá ni wọ́n, kì í ṣe Hassan àti Hussaini. "Ní ti Yorùbá, ẹni tó kẹ́yìn jáde lẹ̀gbọ́n! Kẹ́hìndé ló rán Táíwò níṣẹ́ pé kó lọ wo ayé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bá wọn gbé, ẹ bi wọ́n!"

Ẹ wá wo Bàbá Hausa tó ń fi àṣà Yorùbá rojọ́! Kí ni èmi ọmọ Yorùbá máa sọ? Mo di ọmọ Kano lójú ẹsẹ̀.

Mo ní, "Malam, Kano la wà o! Ẹni tó bá dé ìlú, àṣà ìlú ni yóò tẹ̀ lé. Hassan lẹ̀gbọ́n! Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀!"

Ìyá Ìbejì wò mí láti òkè délẹ̀. "Bọ̀dá Sànmí, ọmọ ilé ta ni yín gan-an?"

Gbogbo wa ń pariwo. Dàǹládì ń bú mi ní Yorùbá, mò ń dá a lóhùn ní Hausa. Màlámù Gàrúbà lu ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ Yorùbá, òun kò sì ní fi tipátipá sọ ọmọ ẹlòmíì di Hassan. "Àgbà Yorùbá wà láàárín wa tí kì í parọ́. Baba Lámídì, nílé yín, ta lẹ̀gbọ́n?"

Mo wo Baba. Ọ̀rọ̀ kan péré: Táíwò. Kó sáà ti sọ ọ́, kí Zakara yè. Ó tiẹ̀ lè dákẹ́, kó kàn fọwọ́ kan Táíwò. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú, mo gbàgbé pé ojú kò wúlò fún un mọ́.

Ó ní, "Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa kérora. Baba kò dúró síbẹ̀.

"Màlámù, kí n sọ ọ́ tán. Òun náà ni mo fẹ́ dé ní fìlà. N kò rí ẹni tó wà níwájú mi. Ojú mi kò ríran mọ́, ó ti pẹ́. Ẹ má bínú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dàǹládì tó ti gbé ọwọ́ sókè láti yọ̀ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀gá tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ojú rẹ̀ dúró láàárín pápá, ó ń wojú ibi tó rò pé Màlámù wà, Màlámù kò sì sí níbẹ̀.

Màlámù Gàrúbà mí kanlẹ̀. "To. Bó bá jẹ́ Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Kai, Kẹ́hìndé, kí lo wí?"

Kẹ́hìndé wo ìyá rẹ̀. Ó wo ìkejì rẹ̀ tó ṣì di fìlà pupa mú bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù olè lé lórí. Ó wá wo Baba pẹ́.

Ó ní, "Malam, na me senior am. Dem say na me send am make e first go see whether world sweet. Today self, na me bring am come. E don go front. I dey follow am."

Ó bọ́ fìlà dúdú lórí, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún Dàǹládì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó rìn lọ bá Baba, ó sọ fún un ní Hausa pé, "Baba, zan tsare maka raga." Òun yóò bá a ṣọ́ àwọ̀n.

Dàǹládì wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Wallahi, Yarbawa! Ẹ ti fi irọ́ tàn mí rí. Òótọ́ lẹ tún wá fi tàn mí lónìí!"

Kí ẹ má baà rò pé ìtàn àlọ́ ni, a kò gba ife lọ́dún náà. Ẹ tún ojú ìjókòó yín ṣe. A kàn kúrò ní ìsàlẹ̀ ni, pápá sì ṣì jẹ́ tiwa. Kẹ́hìndé mú bọ́ọ̀lù tó yẹ kó mú, ó sì jẹ́ kí díẹ̀ wọlé kí a má baà gbéra ga. Táíwò ń dúró lẹ́yìn àwọ̀n, ó ń pariwo fún un ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀, pẹ̀lú ojú dídì. Èmi ni mo ń dé fìlà láti ìgbà náà wá, títí mo fi fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó lè wo pápá mẹ́ta lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ọjọ́ tí mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà tó iṣẹ́, kì í ṣe Ọjọ́ Fìlà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ ni.

Mo lọ kí Baba. Mo ti ro ohun tí màá sọ fún un lọ́nà, ọ̀rọ̀ ìtùnú rẹpẹtẹ. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti wọ agbádá funfun, ó jókòó bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

"O pẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Níbo là ń lọ?"

"Ilé ìwòsàn ojú. Àbí wọ́n ti kó kúrò níbi tí wọ́n wà?"

Ó dìde, ó sì na ọwọ́ sí mi. N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́. Mo rò pé ó ń béèrè nǹkan. Baba Lámídì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Nígbà tó yé mi, mo gbá ọwọ́ náà mú, a sì gba France Road lọ, nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ìlẹ̀kùn wọn sókè. Wọ́n ń kí i láti ọ̀tún láti òsì, "Baba, ina kwana!" "Ẹ káàárọ̀ o, Baba Zakara!" Ó ń dá olúkúlùkù lóhùn lórúkọ, ohùn wọn ló fi mọ̀ wọ́n, kò sì ṣi ẹnì kan pè.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọmọdébìnrin kan tó ń yára sọ̀rọ̀. Ó mú Baba jókòó síwájú pátákó kan tí wọ́n ya lẹ́tà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta sí, òmíràn dojú kọ òkè, òmíràn dojú kọ ẹ̀gbẹ́.

"Baba, èyí tí mo fọwọ́ kàn yìí, ibo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí?"

Baba wò ó. Ó rọra tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. "Sànmí, ibo ló kọjú sí?"

"Òkè, sà."

"Ó kọjú sí òkè," ni Baba wí, tìgboyà tìgboyà.

"Ẹ̀ẹ̀n, Baba! Mo gbọ́ o! Kò sáyè jìbìtì níbí." Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin, sà, kí lẹ jẹ́ sí wọn? Ọmọ wọn ni yín?"

Mo la ẹnu láti dáhùn. Baba ti ṣáájú mi.

"Ojú mi ni," ni ó wí. "Ó máa ń parọ́ díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá kan ìbejì. Ṣùgbọ́n ó ríran."